Ìwé Dókítà Ní Ìyá Mi Ti Kú

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Ìlú Ọba, dúrọ́ọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé òtútù ni mo fẹ́ sọ, ẹ dúró ná. Òtútù ń bẹ, ó sì burú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò ní Ìdànrè. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé mo máa wọ yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti pín ènìyàn sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn níwájú. Ojú níbí. Etí lọ́hùn-ún. Ọkàn. Egungun. Eyín. Ilé ọmọ. Ọpọlọ nìkan gba odindi ògiri kan.

Ìwé ni o, kì í ṣe ẹran ara. Láíbìrì ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ni wọ́n gbà mí sí. Tí dókítà kan bá wádìí nǹkan, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, ìwé ìròyìn náà á dé ọ̀dọ̀ wa, èmi á wá táìpù orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sórí káàdì kékeré, máa táìpù àkọlé rẹ̀ sí i, máa fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun tó rí. Iṣẹ́ kan, káàdì kan. Lẹ́yìn náà mo máa tì í sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀yà ara tó ni ín. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti àárọ̀ títí tí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní táìpù. Ní ilé ìtajà àwọn tó ń ra kòkó ní Odòde, ní Ìdànrè wa, akọ̀wé wọn ní ẹ̀rọ kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo bá ya lẹ́tà inú ẹ̀rọ náà sórí pákó ìbùsùn mi, mo ń tẹ pákó. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń tẹ pákó tí kì í dún. Ọjọ́ tí akọ̀wé náà ṣàìsàn, tí òyìnbó wọn ń kígbe pé ta ló máa kọ lẹ́tà òun, mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn tó gbé mi dé Ìlú Ọba nìyẹn.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá láíbìrì náà, Onírúlà ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, torí rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó mú mi yí ká, mo bi í léèrè pé ta ló wá ń tọ́jú odindi ènìyàn. Ó dúró. Ó wo àwọn dúrọ́ọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní òun ò rò pé ẹnikẹ́ni ń ṣe ìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Mo ti rí i kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Dókítà tó mọ etí kò mọ imú, imú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí o. Nílé wa, bí o bá gbé orí fífọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn, yóò bi ọ́ pé kí lo jẹ, ta lo bá jà, ṣé ìyàwó rẹ ti ń bá ọ sọ̀rọ̀. Níbí, wọ́n á gba orí lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní kí o gbé ìyókù lọ sí yàrá kejì.

Lọ́dọọdún, kí ìpàdé ńlá wọn tó wáyé, Onírúlà á fa dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, á fi rúlà wọn bí káàdì inú rẹ̀ ṣe nípọn tó, á kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹ̀ka tó ṣiṣẹ́ jù. Kì í kà wọ́n. Ó ní kíkà ń fi àkókò ṣòfò. Tí ọjọ́ ìwọ̀n bá ku díẹ̀ báyìí, ẹ máa rí àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó ń yọ́ wọlé wá wo dúrọ́ọ̀ ẹlòmíì, bí ìyálé tó ń yọjú sí ìkòkò ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, dókítà ọkàn àti dókítà ẹ̀dọ̀fóró fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lójú mi nítorí káàdì kan ṣoṣo. Aláìsàn tí káàdì náà dá lé wúkọ́, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Dúrọ́ọ̀ ta ni kí ó lọ? Wọ́n fa káàdì náà títí ó fi ya. Èmi ni mo tún un tẹ̀, mo tẹ méjì, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní tirẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé mo bá wọn bímọ. Inú mi dùn fún odindi ọ̀sẹ̀.

Inú dídùn ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ìyá onílé mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, á kọ ọ́ sórí bébà, á fi há ẹnu ilẹ̀kùn mi, á wá lọ jókòó sí yàrá ìdáná níbi tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo mú bébà náà, mo lọ bá a, mo ní ìyá, mo ti rí i, ẹ ṣeun. Ó fò dìde bí ẹni tó rí ejò. Láti ọjọ́ náà èmi náà ń kọ bébà. Ilé kan, ènìyàn méjì, a ń kọ lẹ́tà síra wa. Ìgbà míì mo máa ń pa ilẹ̀kùn dé, máa bá ara mi sọ èdè Ìdànrè sókè, kí etí mi má bàa gbàgbé.

Lẹ́tà ilé ni mo gbára lé. Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ń fi í ránṣẹ́. Oníyọ̀ ni ìyá wa, ìdílé oníṣòwò ni wá, Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó kàwé nínú wa yàtọ̀ sí èmi tí mo ń jí ìwé kà. Bùràímọ̀ á lọ bá akọ̀wé-lẹ́tà, ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó jókòó sí Odòde, á sọ ohun tó fẹ́ sọ, ìyẹn á wá sọ gbogbo rẹ̀ di dídùn. "Ìyá rẹ ọ̀wọ́n kí ọ púpọ̀púpọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́." Ìyá mi ò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ìyá mi bá nífẹ̀ẹ́ rẹ, wọ́n á ní orí rẹ rí bí ti àgbò. Ṣùgbọ́n mo ń gbà á bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kà á títí bébà yẹn á fi rọ̀ bí aṣọ.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ nípa dúrọ́ọ̀ tiwa. Àwọn òyìnbó ní dúrọ́ọ̀ ojú, dúrọ́ọ̀ etí, dúrọ́ọ̀ gbogbo nǹkan. Àwa ní ẹyọ kan. Wọ́n kọ Àìsàn Ilẹ̀ Olóoru sí i. Ojú wa, etí wa, aboyún wa, ọmọ wa, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹyọ kan yẹn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí o gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí o tó fà á. Káàdì inú rẹ̀ ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọjọ́ tí mo rí i, mo bínú débi pé mo fi ẹsẹ̀ tì í. Ó ṣì ní àmì bàtà mi.

Inú dúrọ́ọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi káàdì kan sí lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Ìwé náà dá lórí egbò àdáàjinná, egbò ẹsẹ̀ tí kì í san, láàárín àwọn ará òkè kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo rí "ará òkè", mo tún un kà. Mo ṣí ojú ewé tó kàn. Fọ́tò ẹsẹ̀ obìnrin kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, kò sí ojú, kò sí orúkọ. Egbò wà ní ojúgun rẹ̀, ó gbòòrò bí ewé kókò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ìdílé wa ń kó kúrò lórí òkè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ìyá mi ló ru ọlọ. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọlọ ìyá àwọn sílẹ̀ fún àkúkọ igbó. Ọlọ yẹn já lé wọn lẹ́sẹ̀ lórí àkàsọ̀ òkúta. Ó gé ọmọ ìka náà, ó bó ojúgun, ojúgun yẹn di egbò, egbò yẹn ò jinná títí mo fi kúrò nílé. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn ju ojú ara mi lọ. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀.

Mo kà á sísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé: aláìsàn karùn-ún, obìnrin, ó ń ta iyọ̀, ó gba abẹ́rẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kú.

"Ó kú" yẹn, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lórí ìlà ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ aláìsàn kẹfà.

Mi ò sunkún. Mo táìpù káàdì náà. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí mo fi táìpù rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, òun nìkan ni mo mọ̀ tó gbọ́ èdè mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ìyá mi ti kú."

Ó ní, "Ta ló kọ̀wé sí ọ?"

"Dókítà ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n ní ìyá ń kí mi."

Ó fà mí jókòó. Ó ní, "Nígbà tí bàbá mi kú, odindi ọdún méjì ni bàbá mi fi ń kí mi nínú lẹ́tà. Wọ́n tiẹ̀ ní ó ra ẹṣin."

Gbogbo wa la mọ àṣà yẹn. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò, kí ó má bàa ṣe ara rẹ̀ léṣe níbi tí kò sẹ́ni tó máa dì í mú. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti bá wọn pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, nígbà tí ó bá kàn ọ́, kò jọ àánú rárá. Mo padà sílé, mo to gbogbo lẹ́tà sórí ilẹ̀, mo ń wá ibi tí ìyá mi ti kú sí láàárín wọn. Dídùn kan náà ni gbogbo wọn. Akọ̀wé ará Ọ̀yọ́ yẹn ti fi oyin bo ibẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí Bùràímọ̀ tí mi ò ní tún sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo pè é ní orúkọ tí a kì í pe ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó sọ ibi tó sin ìyá mi sí. Mo fi í ránṣẹ́ kí inú mi tó rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ní mo máa ṣe sàráà fún wọn. Mo ra búrẹ́dì, mo dúró sí ìkòríta, mo ń nà án sí àwọn tó ń kọjá. Ẹnì kan ò gbà á. Wọ́n rò pé mo ń tà á, àwọn kan rò pé mo ti ya wèrè, ọlọ́pàá kan ní kí n kúrò lọ́nà. Mo ń sọ fún wọn pé ìyá mi ló kú, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á kí Ọlọ́run lè gbà á. Bàbá arúgbó kan ló gba ẹyọ kan níkẹyìn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó bi mí pé kí lorúkọ ìyá náà. Mo ní Ràbíátù. Ó pè é, kò pè é dáadáa, ó bu búrẹ́dì jẹ níwájú mi. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Oṣù kan kò tíì pé tí dókítà tó kọ ìwé náà fi wọ láíbìrì wá. Ó ti padà sí Ìlú Ọba, ó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn pupa, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà àna. Onírúlà ní kí n fa dúrọ́ọ̀ fún un. Mo dìde, mo ní, "Aláìsàn karùn-ún, ìyá mi ni. Ẹ fi abẹ́rẹ́ pa wọ́n, ẹ wá kọ 'ó kú'. Ẹ ò tiẹ̀ kọ orúkọ wọn."

Mo rò pé á bá mi jà. Mo fẹ́ kó bá mi jà. Ojú rẹ̀ ṣú, ó fa àga, ó jókòó níwájú mi. Ó ní òun bẹ̀ mí. Ó ní kò sóru tí òun ò ro ti obìnrin yẹn, torí egbò yẹn ti ń pa pọ̀ dáadáa, òun ò mọ ohun tó pa á. Ó ní òun padà lọ láti gbé e lọ sí ọsibítù, kí àwọn lè máa ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni òun ti gbọ́ pé ó ti kú.

Mo ní, "Ṣé ẹ rí òkú?"

"Rárá. Wọ́n ti sin ín."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọkùnrin gíga kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sunkún. Ó fi ẹ̀wù bojú."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ: ó fi ẹ̀wù bojú.

Ẹ̀yin èèyàn, Bùràímọ̀ kì í sunkún. Bàbá wa kú, kò sunkún. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rí i tó fi ẹ̀wù bojú, ọjọ́ tí àwọn agbowó-orí wá bèèrè Bàbá Kékeré Súlè, àbúrò bàbá wa. Bùràímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀wù bojú, ó ń gbọn èjìká, ó ní Súlè ti fi ayé sílẹ̀. Bàbá Kékeré wà lókè àjà lórí wa, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, èèpo ẹ̀pà ń bọ́ sórí mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti di ìṣe ilé wa. Ẹni tó bá ti mú pẹ́ńsù àti bébà dání tó wá bèèrè ènìyàn, ẹni tó ń bèèrè yẹn ti kú nìyẹn, a ó sọ fún un bẹ́ẹ̀. A kì í tiẹ̀ bèèrè ohun tó wá ṣe.

Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú dókítà. Onírúlà rò pé orí mi ti dàrú. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí ta ló lè búra? Àwọn tó ń pa irọ́ pé ènìyàn kú, àwọn náà ló ń pa irọ́ pé òkú ń kí mi. Irọ́ wo ni ti ìyá mi?

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ rẹ̀ ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn, ènìyàn díẹ̀ ni òun fún ní Ìdànrè, egbò gbogbo wọn ló jinná, àfi ẹni kan tó kú. Nítorí ẹnì kan yẹn, àwọn àgbà dókítà ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni mọ́, ní Ìdànrè tàbí níbòmíì. Ó ní, "Tí ìyá rẹ bá wà láàyè, a ti gba oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹrà."

Mo kọ lẹ́tà kejì. Mo ní bí ìyá mi bá wà láàyè, kí wọ́n fi hàn mí lọ́nà tí akọ̀wé-lẹ́tà ò fi lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà mo ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dúró de ọkọ̀ ojú omi rí, ẹ ò mọ ìdúró. Mo ń táìpù ojú, mo ń táìpù eyín, mo ń ti ọkàn àwọn ẹlòmíì sínú dúrọ́ọ̀.

Ohun tó dé kì í ṣe lẹ́tà nìkan. Bébà líle tí wọ́n fi ń di iyọ̀ ni, wọ́n ká a mọ́ra. Mo tú u sórí ilẹ̀. Osùn ni wọ́n fi kun àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà. Ọmọ ìka mẹ́rin. Mo fi ọwọ́ mi lé e, ọwọ́ mi pọ́n.

Akọ̀wé ará Ọ̀yọ́ fi ìkìlọ̀ ṣáájú lẹ́tà: ó ní ìyá dúró ti òun lórí, wọ́n ní kí òun kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, bí òun bá fi oyin sí i, àwọn máa da tàdáwà òun nù. Ohun tí ìyá mi wí nìyí:

"Ìwọ ọmọ yìí, olórí àgbò, o sin mí, o ò bi mí. Òyìnbó ní òun á gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀. Bùràímọ̀ ní kí n wọ yàrá. Ohun tí wọ́n sọ níta, èmi ò sí níbẹ̀. Egbò ti jinná. Mo ń fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ sí ọjà Ọwẹ́nà lọ ta iyọ̀. Má tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní orúkọ yẹn mọ́. Èmi ni mo bí i."

Mo gbé bébà osùn náà lọ fún dókítà. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, ó wò ó títí. Ó ní òun gbà. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn àgbà dókítà ò ní gbà. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé, kì í rọrùn láti jí i dìde. Obìnrin náà gbọ́dọ̀ lọ síwájú Ajẹ́lẹ̀ ní Òǹdó, kí ó búra pé òun ni, kí ó fi ẹsẹ̀ hàn, kí Ajẹ́lẹ̀ fi òǹtẹ̀ sí i.

Mo kọ ọ́ sílé. Èsì Bùràímọ̀ kúrú. Ó ní tí ìyá bá lọ, wọ́n á bèèrè ẹni tó parọ́ fún dókítà ìjọba, wọ́n á sì bèèrè àwọn òkú yòókù nílé wa. Ó ní, "Fi ìwé òyìnbó sílẹ̀. Ta ló ń kà á níbí?"

Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Òótọ́ ni, ta ló ń kà á níbẹ̀? Ìyá mi wà láàyè ní Ìdànrè, wọ́n kú ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì dí wọn lọ́wọ́ iyọ̀ títà. Èmi nìkan ló ń gbé ní ìlú méjèèjì. Ní ilé, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ti di ti àwọn onípẹ́ńsù. Níbí, gbogbo ìran mi wà nínú dúrọ́ọ̀ kan tó wà nísàlẹ̀. Mo bínú sí Bùràímọ̀, mo bínú sí àwọn àgbà dókítà, mo bínú sí ara mi tí mo mọ ìwé kà. Ká ní mo dúró ti kòkó, mi ò bá má mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀. Mo sì mọ àwọn tó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà oko tí eṣinṣin bo ẹsẹ̀ wọn. Ìwọ̀nyẹn náà ò kàwé, ìwé yẹn ló sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kọ lẹ́tà kẹta, mo kọ ọ́ sí ìyá mi fúnra wọn, mi ò bẹ̀ wọ́n, mi ò bínú. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: nítorí pé ẹ kú, kò sẹ́ni tó ń rí abẹ́rẹ́ gbà.

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n lọ. Akọ̀wé ará Ọ̀yọ́ ló kọ ọ́ sí mi. Ìyá mi sọ iyọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, wọn ò sọ fún Bùràímọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dé Òǹdó. Ògbufọ̀ bi wọ́n pé ṣé àwọn ni obìnrin tó kú. Wọ́n ní àwọn ni. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé orí tábìlì Ajẹ́lẹ̀, sórí bébà rẹ̀, wọn ò gbé e kúrò títí ó fi tẹ òǹtẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ bi ìyá mi léèrè ẹni tó parọ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́, torí àwọn ti búra. Oṣù kan ni Bùràímọ̀ fi ṣẹ̀wọ̀n, tó ń fọ́ òkúta sójú ọ̀nà, òun àti Bàbá Kékeré Súlè, tí wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò kọ lẹ́tà sí mi mọ́. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rin láti tọrọ àforíjì. Mo mọ̀ pé ó ń gbà wọ́n. Kì í dá wọn padà.

Àtúnṣe náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìlà mẹ́ta ni. Aláìsàn karùn-ún kò kú, egbò rẹ̀ ti jinná, kí àwọn tó ń kà á jọ̀wọ́ ṣàkíyèsí. Orúkọ dókítà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà padà, ó pẹ́, àmọ́ ó padà.

Onírúlà gbé e wá fún mi pé kí n ṣe káàdì rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó rìn lọ sí Òǹdó, tó fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ òkúta, wọ́n ṣì jẹ́ aláìsàn karùn-ún. Mo fi káàdì sínú ẹ̀rọ. Níbi tí a ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sí, mo táìpù RÀBÍÁTÙ, ÌDÀNRÈ. Mo fi orúkọ dókítà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Onírúlà gbà á, ó gbé jígí rẹ̀ sójú. Ó ní, "Ta nìyí?"

"Ìyá mi ni."

"Ṣé dókítà ni?"

"Wọ́n ń ta iyọ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe nínú iṣẹ́ yìí?"

Mo ní, "Wọn ò kú."

Mo ti ń wá ẹ̀wù òtútù mi, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa lé mi. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, ó fa dúrọ́ọ̀ tiwa jáde, ó wá ibi tí orúkọ onílẹ́tà R wà, ó sì ti káàdì náà bọ̀ ọ́.